Làálì Lórí Èékánná

Kí ẹ̀rọ àlùwàlá tó tú omi fún èèyàn, yóò kọ́kọ́ yẹ èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ wò; tí àrùn bá wà níbẹ̀, yóò fún un lóògùn. Àsàbí fi làálì bo àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ tí àrùn ti ń jẹ. Oògùn èékánná yìí ló ba ẹ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ jẹ́, tí ẹyinjú rẹ̀ fi pọ́n rúsúrúsú kó tó kú.

“Làálì yín dára, Àlàájà,” ni ẹ̀rọ náà wí. “Àmọ́ mo rí abẹ́ rẹ̀. Ẹ tẹ́wọ́.”

Hóró oògùn kan jábọ́ sí i lọ́wọ́.

“Omi ò ní yọ fún ẹnikẹ́ni títí ẹ ó fi gbé e mì.”

“Ẹ gbà mí o!” Àsàbí ké sí àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀.

“Ẹ gbé e mì, Àlàájà,” ni wọ́n dáhùn. “Ìrun fẹ́ kọjá lórí wa.”

Ó bojú wẹ̀yìn. Ẹyinjú gbogbo wọn ló pọ́n rúsúrúsú.