Àmì Pupa Lára Paṣa

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ Mímọ́, Rusana yọ ẹyin àkọ́kọ́ jáde nínú ìkòkò aró pupa. Aró tí ó fi ọtí kíkan pò ṣì ń kán lára ẹyin náà. Ó fi kan Metodi ọmọ rẹ̀ níwájú orí, ó fi kàn án ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó fi kàn án ní ti òsì, kí ara rẹ̀ lè le títí di Àjíǹde mìíràn.

"Màmá, orí mi ti ń hu ewú o."

"Ṣé ewú kì í jẹ́ kéèyàn ṣàìsàn ni? Dúró jẹ́ẹ́. Gbogbo ẹni tó bá ń mí lábẹ́ òrùlé yìí ni mo máa fi kàn."

Lalka, aládùúgbò wọn, wà nídìí tábìlì, ó ń mu kọfí. "Rusana, fi kàn án dáadáa," ó ní. "Bóyá lọ́dún yìí á rí ìyàwó fẹ́."

Metodi rẹ́rìn-ín, ó jáde. Lórí àtẹ̀gùn, ó fa aṣọ ìnujú yọ, ó nu ojú rẹ̀, kí àwọn ará ibi iṣẹ́ má baà fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọ̀sẹ̀ Àjíǹde kò tíì parí tí Rusana fi sùn tí kò jí mọ́. Wọ́n sin ín. Lalka lọ sí ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ lórí òkè, ó ní òun á padà wá fún ìrántí ogójì ọjọ́.

Ohun abẹ̀mí tó kù nínú ilé kò ju Metodi àti Paṣa lọ. Ahun odò ni Paṣa. Inú àwọ̀n ni bàbá Metodi ti rí i ní odò Dánúbì nígbà ayé rẹ̀. Inú bàsíà kan lẹ́bàá ààrò ni Rusana ń sìn ín sí. Metodi kì í yà sí i. Àfìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ láti pààrọ̀ omi rẹ̀ ni ó tó gbọ́ òórùn. Ibì kan ti funfun lẹ́yìn ahun náà, èékánná rẹ̀ sì wọnú ibẹ̀ bí ẹni fọwọ́ kan ọṣẹ tútù. Ó yí i padà. Àmì pupa mẹ́ta wà láyà rẹ̀.

Dókítà ẹranko, obìnrin kan tí ń jẹ́ Vaseva, fi awò wò ó pẹ́.

"Ta ló ń tọ́jú ẹ̀?"

"Màmá mi ni. Wọ́n ti kú."

"Ẹ pẹ̀lẹ́." Ó gbé ahun náà sókè wò. "Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀, ó sanra. Àmọ́ inú omi ló ń gbé tọ̀sán-tòru, kò síbi gbígbẹ, kò rí oòrùn. Funfun yìí, ìkarahun ẹ̀ ló ń jẹrà. Ìyẹn ṣeé wò. Pupa ìsàlẹ̀ yìí ló ń bà mí lẹ́rù."

"Kí ló fà á?"

"Bí ẹ̀jẹ̀ ahun bá ti bàjẹ́, ó máa ń yọ pupa lábẹ́ ìkarahun. Àmọ́ ojú ìlà ìkarahun ló sábà máa ń tọ̀. Tèyí jókòó sáàárín. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ẹ máa ṣọ́ ọ. Tó bá ń tàn kálẹ̀, kò ní yè é. Tó bá ń ṣá, a jẹ́ pé ó ń san."

Ibi tí ahun bá ń lọ ni ó ń gbé ilé rẹ̀ lọ. Bí ilé náà bá wá ń jẹrà, kò síbi tí yóò kó lọ. Metodi ra àpótí onídígí, ó to òkúta sí i, ó gbé iná sókè rẹ̀. Ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ ìkarahun náà lẹ́yìn àti láyà, ó ń fi oògùn kùn ún, ó ń jẹ́ kí ó gbẹ, ìgbà oúnjẹ nìkan ni ó sì ń gbé e sínú omi. Paṣa kò jẹun. Metodi kì í lè mu tíì àárọ̀ kí ó tó wo àyà rẹ̀.

"Má kú mọ́ mi lọ́wọ́," ó máa ń sọ fún un. "Mi ò fẹ́ sin ẹnì kejì nínú ilé kan náà."

Ó tẹra mọ́ fífọ̀. Pupa náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Èyí tó wà lókè kọ́kọ́ parẹ́, lẹ́yìn náà tọ̀tún. Ní àárọ̀ tí Paṣa gba ẹja lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó kẹ́yìn kò ju òjìji lọ. Metodi rọra fọ̀ ọ́ títí tí kò fi sí mọ́, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún.

Lalka padà wá ní ogójì ọjọ́, ó gbé àlìkámà bíbọ̀ ti ìrántí òkú lọ́wọ́. Ó rí Paṣa lórí òkúta lábẹ́ iná, ẹ̀yìn rẹ̀ ti gbẹ, ó ti le. Ó gbé e, ó yí i padà.

"Pupa rẹ̀ dà?"

"Ẹ̀yin náà ti rí i kí ẹ tó lọ?" Metodi rẹ́rìn-ín. "Mo ti fọ̀ ọ́ kúrò tán, Màmá Lalka. Kò ku ẹyọ kan."

Lalka wo àyà ahun náà tó mọ́ tónítóní, ó ní bí Metodi ṣe jáde tán ní Ọjọ́bọ̀ yẹn ni Rusana gbé ẹyin náà tọ Paṣa lọ, tí ahun sì fa orí wọlé, ni ó bá fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, ó fi ẹyin kàn án lẹ́ẹ̀mẹta láyà, Rusana sì ní ọmọ òun tó jáde yẹn á ti nu tirẹ̀ kúrò lórí àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n ti Paṣa kò ní parẹ́.