Ẹni Tó Ya Fídíò Ọkọ̀ Caleb

Pálọ̀ Màmá Caleb kún fọ́fọ́ ní Ìwàrò-Ọ̀kà. Àwa obìnrin ìjọ wá bá a gbàdúrà.

Fídíò kan ti gba gbogbo fóònù: ọkọ̀ ojú omi tí Caleb ń bá ṣiṣẹ́ ń da epo ẹ́ńjìnnì dúdú sínú omi ní èbúté Èkó.

Ìjọba ti dá ọkọ̀ náà dúró. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ Caleb.

Síbẹ̀, ẹ̀rín ni ìyá rẹ̀ ń rín!

"Ìbànújẹ́ ti fẹ́ dà á lórí rú," mo sọ sétí Màmá Olúrántí.

Màmá Ìtùnú, olórí wa, pariwo àdúrà: "Ẹni tó ya fídíò yẹn, tó gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ wa, kí ọwọ́ rẹ̀ rọ!"

A lanu láti ṣe àmín.

Màmá Caleb fò dìde, ó fọwọ́ bo Màmá Ìtùnú lẹ́nu. "Ẹ gbà mí, ẹ má ṣe àmín!"

"Háà! Ọ̀tá ọmọ yín lẹ ń gbèjà?" ni Màmá Ìtùnú bi í.

Màmá Caleb tún bú sẹ́rìn-ín.

"Caleb fúnra rẹ̀ ló yà á! Ó ní ẹja ń kú, àwọn apẹja ń sunkún, òun ò lè dákẹ́. Ọwọ́ ọmọ mi lẹ fẹ́ kó rọ yẹn!"

Màmá Ìtùnú wólẹ̀ gbì.

"Olúwa, a ò tíì ṣe àmín o!"