Odi Adágún Alágbà Kò-séwu

Àgbẹ̀ kan wà tó mọ iṣẹ́ oko dunjú, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kì í gba ìkìlọ̀. Bí òrùlé bá ń jò, á ní kò séwu. Bí màlúù bá wọnú àgbàdo, á ní kò séwu. Ni gbogbo àdúgbò bá sọ ọ́ ní Alágbà Kò-séwu, òun náà sì ń jẹ́ ẹ bí oyè.

Alágbà ní adágún omi kan lókè oko rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fi erùpẹ̀ mọ odi tó sé odò kékeré ibẹ̀, omi náà ló sì ń fi bomi rin tòmátì rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó gbin igi sórí odi kó lè máa jókòó lábẹ́ ibòji. Nígbà tó rí i pé omi ń ṣàn lọ ní ojú àbájáde tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi fún omi tó bá pọ̀ jù, ó ká a lára, ó kó àpò iyanrìn dí i pa. Adágún kún dẹ́múdẹ́mú. Kò sí àlejò tí kì í fà lọ wò ó.

Lọ́jọ́ kan, ẹnjiníà obìnrin tó ń yẹ irú odi bẹ́ẹ̀ wò dé. Ó wo ihò tí òkété gbẹ́ sára odi, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbi tí omi ti ń sun lẹ́sẹ̀ odi.

"Bàbá, ẹ wò ó, ẹrẹ̀ ti ń bá omi yìí jáde. Inú odi yín ni omi ń jẹ. Ẹ ṣí ojú àbájáde lónìí, kí omi fà, ká lè tún odi ṣe."

"Ọmọ mi, odi náà ń làágùn ni," Alágbà fèsì. "Oòrùn yìí ti mú jù."

Bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Odi Alágbà ti lanu, òkété ti wọlé, ó ku omi.

Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí. "Baba ọmọ mi, ẹ rántí pé ilé ẹ̀gbọ́n yín ló wà nísàlẹ̀ odi yìí."

"Kò séwu."

Ìyàwó náà ò bá a jiyàn mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí òjò ńlá ṣú, ó sáré lọ kó ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, tó ti di ìyá àgbà, àti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ gun òkè. Kò dúró sọ fún ọkọ rẹ̀.

Nígbà tí òjò dà sílẹ̀, Alágbà mú agboòrùn, ó lọ wo adágún. Omi ló bá tó ń gorí odi kọjá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fa àpò iyanrìn, wọn ò mira. Ó rántí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹni tó pọ̀n ọ́n dàgbà, ó sì sáré sọ̀ kalẹ̀, ó ń pariwo. Kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí odi fi ya lẹ́yìn rẹ̀. Omi gbé igi, ó gbé tòmátì, ó sì gba àárín ilé ìyá àgbà kọjá. Alágbà jókòó sínú ẹrẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé.

"Mo ti pa ẹ̀gbọ́n mi o!"

"Ta lo pa?" Ohùn ìyá àgbà dún láti òkè. "Dìde nínú ẹrẹ̀, aláìgbọ́ràn!"

Ìgbẹ̀yìn ní í yé olókùú àdá. Ìjọba fòfin de Alágbà pé kò gbọdọ̀ sé odò náà mọ́. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́. Kó tó parí rẹ̀, ìyá àgbà ló ń sùn lórí ibùsùn Alágbà, Alágbà fúnra rẹ̀ ń sùn láàárín ọkọ́ àti àjílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó ń ru omi lórí láti ìsàlẹ̀ odò, ìyá àgbà sì ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ka iye ìgbà tí àbúrò rẹ̀ ti dúró sinmi.

Ohun tí ìtàn yìí ń kọ́ wa ni pé ẹni tó bá sé omi, ẹ̀mí àwọn tó wà nísàlẹ̀ ló gbé dání. Kí a tètè tún ohun tó bàjẹ́ ṣe nígbà tó ṣì kéré, kí a sì fetí sí ẹni tó mọ̀ jù wá lọ. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni aláàánú kan máa ń tètè kó àwọn èèyàn wa gun òkè.