Ẹsẹ̀ Tó Dáa Ló Ń Ṣáájú

Màmá Aránṣọ ni wọ́n ṣẹ̀. Láàárín ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, lọ́sẹ̀ tí lífítì ilé ìwòsàn kan dákẹ́ iṣẹ́, ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn tí kò ní irin ìdìmú, eegun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́. Kò wá gba oògùn lọ́jọ́ náà, ara rẹ̀ le. Èèyàn ló wá kí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ilé ìwòsàn ti sọ fáyé gbọ́ pé inú balùwẹ̀ ilé rẹ̀ ló ti yọ̀ ṣubú.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń bí nínú jù ni obìnrin tí gbogbo èèyàn ń pè ní Físíò nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Òun ló ń kọ́ àwọn tí eegun wọn ṣẹ́ àti àwọn tí ẹ̀gbẹ́ kan ara wọn rọ láti tún rìn. Àjà kejì ni wọ́n fi yàrá iṣẹ́ rẹ̀ sí. Ẹni tí kò lè rìn ni yóò kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn kó tó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn. Àwọn tó ní ẹni tí yóò pọ̀n wọ́n ń gòkè. Àwọn tí kò ní ń padà sílé, ẹsẹ̀ wọn ń gan. Físíò ti lọ bá ọ̀gá àgbà ní àjà kẹta títí ó fi sú u. Èsì kan náà ló ń gbà bọ̀: "A ti gbọ́."

Nígbà tó yá, ó gbé ibùsùn kan wá sí kọ́ríídọ̀ ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn. Ibẹ̀ ló ti ń tọ́jú Màmá Aránṣọ, bàtà àwọn èèyàn ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Ẹ fún itan pọ̀, Mà. Ẹ tẹ orúnkún mọ́ ibùsùn. Ẹ má sé èémí."

"Ọmọ mi, o ń fìyà jẹ mí bí ọlọ́pàá."

"Ọlọ́pàá á ti fi yín sílẹ̀ tipẹ́, Mà. Èmi ò lọ síbì kankan."

Ta ni kì í ṣe ọmọ Màmá? Físíò lọmọ rẹ̀, ẹni tó ń nu ilẹ̀ lọmọ rẹ̀, Kọ́pùrà, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tó ti hewú, lọmọ rẹ̀. Síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kì í tẹ̀ lé e wá. Dírẹ́bà kan tí kì í kí èèyàn ló ń já a sílẹ̀, òun náà ló ń wá gbé e.

"Màmá, ọ̀rọ̀ ẹnu yín nìkan ni mo fẹ́," Físíò bẹ̀ ẹ́. "Ẹ ṣáà sọ pé àtẹ̀gùn yìí ni. Kò sí bí wọn ò ṣe ní tún lífítì yẹn ṣe."

"Balùwẹ̀ ni mo ti ṣubú, ọmọ mi."

"Kọ́pùrà rí yín."

"Ojú Kọ́pùrà ti ń ṣe bàìbàì."

"Ojú tèmi?" Kọ́pùrà dá sí i. "Ojú tí mo fi ń rí ọ̀gá àgbà bó ṣe ń yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé? Láti ọjọ́ tí ẹ ti kó wá sí kọ́ríídọ̀ yìí ni kò ti gba iwájú mi kọjá mọ́. Bí olè."

"Èmi ló ń sá fún," Físíò sọ.

"Ẹ yé bú u," Màmá sọ. "Èèyàn ló bí i."

"Ẹni tó bí i ò kọ́ ọ rárá ni, Mà."

Màmá tẹ orúnkún mọ́ ibùsùn, kò sì tú u sílẹ̀ àfìgbà tí Físíò ní kó sinmi. Físíò jáde lọ dúró síta. Irú ẹlẹ́rìí wo nìyí, tí ń gbèjà ẹni tó ṣe é léṣe?

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan pọn ìyá rẹ̀ kọjá níwájú wọn. Lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó fi orúnkún méjèèjì lélẹ̀, ṣùgbọ́n kò ju ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Màmá Aránṣọ wò wọ́n títí wọ́n fi gòkè tán.

"Kọ́ mi ní àtẹ̀gùn," ó sọ.

"Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe lókè?"

"Mo lọ́rọ̀ í bá àwọn ọmọ mi ibẹ̀ sọ."

Àwọn nọ́ọ̀sì ni Físíò rò pé ó ń sọ. Ó so bẹ́líìtì mọ́ Màmá nídìí, ó dúró sẹ́yìn rẹ̀ níbi tó rẹlẹ̀, ó sì di bẹ́líìtì náà mú.

"Ẹsẹ̀ tó dáa ló ń ṣáájú, Mà. Èyí tó ń dùn yín á wá tẹ̀ lé e. Tí ẹ bá yẹ̀, èmi lẹ máa ṣubú lù."

"O ò sì lẹ́ran lára."

Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ni wọ́n fi ń gun díẹ̀ tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n dé àjà kejì, Físíò fa àga sún mọ́ ọn. Màmá ò wo àga náà. Ó tún gbé ẹsẹ̀ tó dáa, ó kọjú sí àjà kẹta. Físíò di bẹ́líìtì mú ṣinṣin. Màmá ti fẹ́ jẹ́rìí nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n dé ọ́fíìsì lókè, ọ̀gá àgbà wà lórí àga rẹ̀. Ó rí wọn, kò dìde.

"Ọ̀gá, ẹlẹ́rìí mi rèé," Físíò sọ. "Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó ṣe wọ́n."

"Màmá," ọ̀gá àgbà sọ, "mo rò pé a ti parí ọ̀rọ̀ yìí."

"Mo bí ọ, mo sì ti purọ́ nítorí rẹ tó, tún lífítì yẹn ṣe," Màmá Aránṣọ sọ, òógùn ń kán lára rẹ̀ sórí tábìlì, ọmọ rẹ̀ sì tẹjú mọ́ ìwé tó wà níwájú rẹ̀.