Ọ̀rá Kẹtàlá

Àpótí tí ọlọ́jà fi ránṣẹ́ ga dé èjìká Àwẹ̀ró, bẹ́ẹ̀ ìró kan péré ló rà. Ìyá rẹ̀, tó ti fi ogójì ọdún hun òfì n'Ísẹ́yìn, wà lórí ibùsùn. Ojú rẹ̀ ti fọ́, ọjọ́ rẹ̀ ò sì pọ̀ mọ́. Ó ní kí aṣọ gan-an, kì í ṣe ọ̀rá, kan òun lára kí òun tó lọ.

Òfin ní kí ẹni tó bá ya ọ̀rá kúrò lára ọjà máa kó o pa mọ́ sílé ara rẹ̀, nítorí náà taṣọ-tọ̀rá ni àwọn ará àdúgbò ń wọ̀. Àwẹ̀ró ya ọ̀rá kan, ó bá òmíràn. Nínú ìkẹsàn-án, ó rí ìwé kékeré kan tí wọ́n fi ọ̀rá wé: "A dúpẹ́ pé ẹ ò fi ọ̀rá ṣòfò." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ya ìkẹtàlá tán, ó tẹ́ ìró náà lé ìyá rẹ̀ láyà. Màmá fọwọ́ ra etí ìró náà títí, bó ṣe máa ń yẹ òwú wò.

"Àwẹ̀ró mi, ọ̀rá ṣì ni ọwọ́ mi ń bà. Jọ̀ọ́, tú u tán."

Ẹnu Àwẹ̀ró ò gbà á láti sọ pé òun ti tú u tán. Ó he ọ̀rá kan nílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya á díẹ̀díẹ̀ létí ìyá rẹ̀.