"Ẹ Tú U"

"Ẹ tú u, Bàbá!" ni Ìbídùn pariwo. Kíá, ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ń díje tú okùn ìgbòkun méjèèjì, eré rẹ̀ kú, àwọn ará Gánà sì gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá.

Ohùn atukọ̀ nìkan ni ọkọ̀ ń gbọ́. Ó fẹ́ kí atukọ̀ dárúkọ ẹni tó ń rán níṣẹ́, kó lè tú okùn ẹni náà. Bó bá ti gbọ́ "ẹ", ó gbà pé ènìyàn méjì là ń bá wí.

Ẹ̀rọ tó yan ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè kò mọ àna. Bí àyà kálukú ṣe ń lù ló gbọ́ tó fi sọ Ìbídùn di atukọ̀, tó fi Fọlárìn sídìí ìgbòkun ẹ̀yìn, tó sì fi Bàbá Ládépò, bàbá ọkọ Ìbídùn, sídìí ti iwájú.

Igun ìkẹyìn dé.

"Ìyàwó wa, dárúkọ mi! Kò ní pa ọ́!"

Ìbídùn di ojú.

"Ládépò, tú u!"

Okùn kan ṣoṣo ló tú. Ọkọ̀ yí bìrí, imú ọkọ̀ ni wọ́n fi ṣáájú Gánà dé òpin.

Kí ariwo tó sọ ní èbúté, Ìbídùn ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá."

"Ta ni ẹnì kejì?" ni ọkọ̀ béèrè.

"Wí fún un," ni Bàbá fèsì, "pé èmi àti orí mi ni."