Ọjọ́ Tí Mo Pa Ẹ̀rọ Omi

Àárọ̀ Jímọ̀ tó bá parí oṣù ni mo máa ń jókòó ṣe ìdánwò iná ìlú wa, èmi arúgbó tí ìdí mi tóbi ju àga ìjọba lọ. Ẹ̀rọ aláfarawé ló wà níwájú mi. Ó ń ṣe bí ẹ̀rọ amúnáwá ńlá tó ń lo gáàsì, ṣùgbọ́n kò mú iná kankan wá. Ibi tí mo bá pa iná rẹ̀ nínú ìdánwò ni ìjọba yóò pa iná rẹ̀ ní tòótọ́ fún oṣù kan.

Lónìí, ẹ̀rọ náà ń kú lọ. Mo rọ gáàsì sí i, bí mo ṣe máa ń ṣe fún ẹ̀rọ ìlọta mi àtijọ́. Orí ẹran ni mí! Ooru mú un, ó tún fà sẹ́yìn. Kí ẹrù rẹ̀ lè fúyẹ́, mo pa iná ààfin. Mo pa ti ilé tèmi.

Adétokí, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń dán mi wò, ní, "Màmá, ó ku ilé ìwòsàn àti ẹ̀rọ omi. Ẹ mú ọ̀kan."

Ọmọ-ọmọ mi tí oṣù rẹ̀ kò pé wà nínú àpótí ooru nílé ìwòsàn.

"Ọmọ mi, dákun, jẹ́ n tún un ṣe."

"Kò sáàyè, Màmá."

Mo pa ẹ̀rọ omi. Ẹ̀rọ ìdánwò náà dúró ṣinṣin, kò kú mọ́.

Níta, mo jẹ́wọ́ fáwọn obìnrin tó ń dúró de èsì. Ìyá Àbẹ̀ní aládùúgbò mi bú mi dé ìran, lẹ́yìn náà ó ju òṣùká lù mí láyà, ó ní,

"Odò jìnnà. Ẹ̀yin lẹ máa ṣíwájú."